Owó mi kò ká méjèèjì: hẹ́dífóònù dáadáa ni kí n kọ́kọ́ rà ni, àbí ẹ̀rọ orin alágbèéká?

AdùnOrin

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ kí n lè máa gbọ́ orin bó ṣe yẹ kí èèyàn gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n owó náà kò lè ra hẹ́dífóònù tó dára àti ẹ̀rọ orin tó dára lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ dúró de èkejì.

Bí ọ̀rọ̀ mi ṣe rí nìyí. Fóònù Android ni mo ń lò, kò sì ní ihò íápíìsì. Láti orí CD ni mo ti kó èyí tó pọ̀ jù nínú orin mi sínú kọ̀ǹpútà, FLAC, irú fáìlì tí kì í gé ohùn kankan dà nù, sì ni gbogbo wọn. Mo máa ń gbọ́ orin nínú ọkọ̀ èrò láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mo tún máa ń gbọ́ ọ lórí ibùsùn kí n tó sùn. Íápíìsì aláìlówáyà tó wà lọ́wọ́ mi ń dún lóòótọ́, àmọ́ béèsì rẹ̀ ti bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Bí gìtá méjì bá jọ ń dún, mi ò lè mọ èwo ni èwo.

Ọ̀rẹ́ mi kan fi Sennheiser HD 600 sí mi létí nílé rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ò ti kúrò níbẹ̀. Ẹlòmíràn wá ní kí n má dààmú lórí hẹ́dífóònù, pé ẹ̀rọ orin tó ń ka fáìlì 24-bit ni kí n rà, pé ibẹ̀ ni ohùn ti ń wá. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Oníwáyà

AdùnOrin, ẹ kú ìmúra. Hẹ́dífóònù ni kí ẹ kọ́kọ́ rà.

Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ orin tó dára àti wáyà kékeré oní-DAC tí à ń kì bọ ìdí fóònù (DAC ni ohun tó ń sọ nọ́ńbà inú fáìlì di iná tí hẹ́dífóònù ń lò), iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ń gbé orin jáde bó ṣe wà nínú fáìlì. Bí ẹ bá mú kí ohùn wọn dọ́gba, ọ̀pọ̀ etí ni kò ní lè yà wọ́n. Hẹ́dífóònù kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ mú mẹ́ta tó wá láti ilé-iṣẹ́ kan náà, kódà ọmọdé á mọ̀ pé wọn ò dún bákan náà: ọ̀kan á ti béèsì síwájú, èkejì á fa ohùn akọrin sẹ́yìn, òmíràn á jẹ́ kí kímbálì ìlù máa gún yín létí. Ibi tí ìyàtọ̀ bá ti pọ̀ ni kí owó lọ. Ẹni tó ra ẹ̀rọ orin olówó gọbọi, tó wá ń fi íápíìsì tí kò dára gbọ́ ọ, ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá.

Àmọ́ o, HD 600 kì í ṣe ti inú ọkọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ariwo ọkọ̀ á wọlé sí yín létí bí ẹni pé ẹ ò de nǹkan kan sórí, gbogbo èrò inú ọkọ̀ náà á sì máa bá yín gbọ́ orin. Nílé, nínú yàrá tó dákẹ́, mi ò mọ ohun tó tún dára jù ú lọ ní ipò rẹ̀. Láti 1997 ni wọ́n ti ń ṣe é, tìmùtìmù etí rẹ̀ àti wáyà rẹ̀ ṣeé pààrọ̀, nítorí náà ó lè bá èèyàn dàgbà.

Fún inú ọkọ̀, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dí ni kí ẹ wá. Sony MDR-7506 wà, láti 1991 ni àwọn ilé ìgbohùnsílẹ̀ ti ń lò ó. Audio-Technica ATH-M50x náà wà, ó ṣeé ká, wáyà rẹ̀ sì ṣeé yọ. Beyerdynamic DT 770 Pro rọ̀ létí ju méjèèjì lọ, ṣùgbọ́n ó tóbi, kò ṣeé ká.

Ẹlẹ́rọKékeré

Mi ò fara mọ́ ọn pé ẹ̀rọ orin kò ṣe pàtàkì. Íápíìsì alátìbọtí tí mo ní, bí mo bá kì í bọ ara kọ̀ǹpútà mi, ohùn "ṣíì" kan máa ń dún lábẹ́ orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lórí ẹ̀rọ orin mi, kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀rọ orin kì í gba ìpè, kì í gba ìfiránṣẹ́, kì í jẹ bátìrì fóònù. Mo máa ń gbọ́ àwo orin kan tán pátá lórí rẹ̀, ohun tí mi ò lè ṣe lórí fóònù. Ẹ má jẹ́ ká máa sọ ọ́ bí ohun tí kò wúlò.

Alátùn-únṣe

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, nítorí iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí. Òótọ́ wà lẹ́nu ẹ̀yin méjèèjì, ṣùgbọ́n bí hẹ́dífóònù àti ẹ̀rọ ṣe bára mu ló yẹ ká wò, kì í ṣe owó orí wọn.

Àkọ́kọ́ ni ìdènà iná hẹ́dífóònù, èyí tí wọ́n ń fi ohm kà. HD 600 jẹ́ 300 ohm. DT 770 Pro tí Oníwáyà dárúkọ wà ní 32, 80 àti 250 ohm, nítorí náà ẹ wo ara páálí rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó. Bí ohm bá ṣe ń pọ̀ sí i ni fóltéèjì tó ń fẹ́ ń pọ̀ sí i.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró síbẹ̀, wọ́n á ní "ohm kékeré, fóònù á gbé e." Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ tún gbọ́dọ̀ wo bí hẹ́dífóònù ṣe ń jẹ́ ìpè iná tó, ìyẹn iye decibel (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ga tó) tó ń mú jáde. AKG K701 jẹ́ 62 ohm péré, síbẹ̀ ẹ̀rọ tí kò lágbára kì í lè gbé e bó ṣe yẹ. Ibi tí wọ́n ti ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà jù nìyí: ilé-iṣẹ́ kan á kọ decibel fún mílíwáàtì kan, òmíràn á kọ ọ́ fún fóltì kan, wọn kì í sì í ṣe ohun kan náà. Fún hẹ́dífóònù 32 ohm, nọ́ńbà ti fóltì fi nǹkan bíi 15 decibel ju ti mílíwáàtì lọ. Fún 300 ohm, nǹkan bíi 5 péré ni. Ẹ má fi ọ̀kan wọn èkejì.

Ẹ̀kẹta ni ìdènà tó wà ní ẹnu ihò ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Ìlànà tí à ń tẹ̀ lé ni pé kó má ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ti hẹ́dífóònù lọ. Bí hẹ́dífóònù bá jẹ́ 32 ohm, kí ti ẹ̀rọ má ju 4 ohm lọ. Ẹni tó ń lo íápíìsì oní-balanced armature (èyí tí irin kékeré kan ń gbọ̀n nínú rẹ̀ láti mú ohùn jáde) gbọ́dọ̀ fiyè sí èyí ju ẹnikẹ́ni lọ, torí pé ohm tirẹ̀ kì í dúró lójú kan, ó ń yí bí ohùn ṣe ń ti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bí ìdènà ẹnu ẹ̀rọ bá ti pọ̀, orin náà á yí àwọ̀ padà.

Ẹlẹ́rọKékeré, "ṣíì" tí ẹ ń gbọ́ yẹn, íápíìsì yín ló ń tètè jẹ́ ìpè, ló bá ń gbé ariwo inú kọ̀ǹpútà náà jáde. HD 600 lórí ihò kan náà kò ní jẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ rárá.

Ẹlẹ́rọKékeré

Ẹ ṣeun, ó yé mi. Ṣùgbọ́n ẹ ò rí i pé ó ti wá jẹ́ pé ẹ̀rọ ló gbà mí nìyẹn?

Alátùn-únṣe

Ó gbà yín lóòótọ́. Wáyà kékeré oní-DAC náà ì bá gbà yín, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀rọ orin.

Òkè_Ohùn

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ hẹ́dífóònù, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fáìlì. Èmi ò gbọ́ ohun tó kéré sí 24-bit, 192 kilohertz mọ́ (bit ni bí wọ́n ṣe wọn ohùn fínnífínní tó, kilohertz ni iye ẹgbẹ̀rún ìgbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Bí a bá gba orin sílẹ̀ báyẹn, afẹ́fẹ́ inú yàrá tí wọ́n ti kọ ọ́ pàápàá á máa dé etí èèyàn. CD ti di ohun àtijọ́. Ẹ̀rọ orin gidi ló lè ka irú fáìlì bẹ́ẹ̀ bó ṣe yẹ, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pẹ̀lú ẹni tó ní kí AdùnOrin ra ẹ̀rọ.

BàbáCD

Òkè_Ohùn, mo bọ̀wọ̀ fún ìfẹ́ tí ẹ ní sí orin, àmọ́ mi ò lè jẹ́ kí AdùnOrin tìtorí èyí ná owó rẹ̀.

Láti 1982 tí CD ti jáde, 16-bit, 44.1 kilohertz ni. Kilohertz 44.1 yẹn lè gbé gbogbo ohùn tó wà títí dé 22 kilohertz láìṣẹ́kù. Etí ọ̀dọ́ tó yá gágá kò kọjá nǹkan bíi 20, ti àgbàlagbà kò sì dé ibẹ̀ rárá. 16-bit ní tirẹ̀ fún wa ní nǹkan bíi 96 decibel láàárín ohùn tó rẹlẹ̀ jù àti èyí tó ga jù. Kò sí ọkọ̀ èrò, kò sì sí yàrá ibùsùn tó dákẹ́ débi tí èèyàn á fi lo gbogbo rẹ̀. 24-bit wúlò fún ẹni tó ń gba orin sílẹ̀ tó sì ń tò ó pọ̀, torí ó ń fún un láàyè láti ṣe àtúnṣe. Kì í ṣe ti ẹni tó ń gbọ́ àbájáde.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ni pé ẹ̀dà 192 tí wọ́n ń tà, wọ́n tún orin náà tò kí wọ́n tó gbé e jáde. Àtúntò yẹn ni etí ń gbọ́. Ẹ mú fáìlì yín ọ̀hún, ẹ sọ ọ́ di 16-bit, 44.1, kí ẹ fi ètò ABX tó wà fún foobar2000, áàpù orin orí kọ̀ǹpútà, dán ara yín wò láìmọ èyí tó ń dún. Bí ẹ bá mọ ìyàtọ̀ léraléra, ẹ padà wá sọ fún wa, màá gbọ́ yín tọkàntọkàn.

AdùnOrin, FLAC tí ẹ kó láti orí CD kò ní àbùkù kankan. Ẹ má pààrọ̀ rẹ̀.

Òkè_Ohùn

BàbáCD, mo máa dán an wò. Ṣùgbọ́n mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ kan: àtúntò tó dára tọ́ kí èèyàn rà á, 192 ni tàbí kì í ṣe 192.

BàbáCD

Níbẹ̀ yẹn, a ti pàdé. Bí wọ́n ṣe gba orin sílẹ̀ àti bí wọ́n ṣe tò ó ṣe pàtàkì ju nọ́ńbà ara fáìlì lọ. Kí ẹnikẹ́ni sì ṣọ́ra fún FLAC tí wọ́n fi MP3 ṣe. Ohun tí MP3 bá ti gé dà nù kì í padà wá. Ètò Spek á fi àwòrán rẹ̀ hàn yín: bí gbogbo ohùn bá dá wáí ní nǹkan bíi 16 kilohertz bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ MP3 oní-kilobit 128 ni ìyá rẹ̀.

Aláìlókùn

Ẹ ti gbàgbé pé inú ọkọ̀ ni arákùnrin yìí wà fún ìdajì àkókò rẹ̀. Èmi ń lo Bluetooth, mi ò sì tọrọ àforíjì.

Bluetooth kò gbé gbogbo ohun tó wà nínú CD, òótọ́ ni. CD jẹ́ kilobit 1,411 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. SBC, ọ̀nà ìdì ohùn tí gbogbo ẹ̀rọ orin Bluetooth ní, kì í sábà kọjá 328. aptX, ọ̀nà ìdì mìíràn, wà ní 352. LDAC tí Sony ṣe lè dé 990, àmọ́ bí ìgbì rẹ̀ kò bá lágbára ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí 660 tàbí 330. Android ti ní LDAC nínú láti ẹ̀dà 8. iPhone kò ní in, SBC àti AAC ló ní. Gbogbo èyí dára láti mọ̀, àmọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bá ń hó lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, hẹ́dífóònù tó ń pa ariwo yóò jẹ́ kí ẹ gbọ́ orin ju FLAC lórí wáyà tí ariwo ti bò lọ. Àwọn tó ń pa ariwo yìí mọ iṣẹ́ wọn jù lórí ohùn tó ń hó lọ láìdúró, bíi ti ẹ́ńjìnnì. Ẹnu èèyàn àti ẹkún ọmọ kò fi bẹ́ẹ̀ ká wọn.

AdùnOrin, béèsì tó bo gìtá yín mọ́lẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bi Bluetooth. Bí wọ́n ṣe tún íápíìsì yẹn ṣe ni.

Oníwáyà

Aláìlókùn, mo gbà nípa ariwo. Bátìrì ńkọ́? Bátìrì inú íápíìsì aláìlówáyà kékeré, bó bá ti gbó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ṣeé ṣí láìbàjẹ́. MDR-7506 tí mo sọ, tìmùtìmù rẹ̀ nìkan ni mo ti ń pààrọ̀.

Aláìlókùn

Ẹ̀yin náà ò wí tán. Wáyà 7506 yẹn kò ṣeé yọ, wọ́n ká a bíi ti tẹlifóònù àtijọ́, ó wúwo, ó sì ń fa orí èèyàn sísàlẹ̀ bó bá ń rìn. Orí tábìlì ló dára fún. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ tó ń bọ́, M50x ni kó mú nínú àwọn tí ẹ kà.

Oníwáyà

Ẹ jàre níbẹ̀. Fún ìrìn, M50x.

AdùnOrin

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ohun kan tí mo gbàgbé láti sọ: mo ń lo gíláàsì ojú, etí mi sì máa ń dùn mí bí nǹkan bá wà nínú rẹ̀ pẹ́. Ṣé íápíìsì alátìbọtí ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ mi nìyẹn? Ṣé ọwọ́ gíláàsì náà sì lè ba ohùn hẹ́dífóònù ńlá jẹ́?

Rọ́bàEtí

Ó lè bà á jẹ́, AdùnOrin, ẹ sì ṣe dáadáa bí ẹ ṣe béèrè kí ẹ tó rà.

Hẹ́dífóònù tí ẹ̀yìn rẹ̀ dí àti íápíìsì alátìbọtí, bí wọ́n ṣe dé etí pa ló ń gbé béèsì wọn dúró. Bí afẹ́fẹ́ bá rí ibi yọ́ jáde, béèsì ló ń kọ́kọ́ lọ. Ọwọ́ gíláàsì máa ń gbé tìmùtìmù sókè díẹ̀, ihò tóóró á wà níbẹ̀, ohun tí ẹ ó gbọ́ kò sì ní jọ ohun tí ẹni tí kò lo gíláàsì gbọ́ nígbà tó ń yìn ín fún yín. Ọwọ́ gíláàsì tó tẹ́ẹ́rẹ́ àti tìmùtìmù tó rọ̀, tó jinlẹ̀, ló ń dín in kù. DT 770 oní-fẹ́lífẹ́ẹ̀tì rọ gíláàsì mi lọ́rùn ju èyí tó le lọ. HD 600 kò fi bẹ́ẹ̀ bínú sí gíláàsì, àmọ́ ó máa ń di orí mú nígbà tó bá ṣì tuntun.

Ní ti alátìbọtí, ẹ má tíì lé e jáde. Ọ̀pọ̀ tí etí ń dùn, rọ́bà tó tóbi jù ni wọ́n ń tì bọ̀ ọ́. Páálí rẹ̀ máa ń ní oríṣi mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan ni àwọn èèyàn sì máa ń lò. Ẹ dán gbogbo wọn wò. Etí ọ̀tún àti ti òsì lè má gba ìwọ̀n kan náà, kò burú kí ẹ fi kékeré sí ọ̀kan àti àárín sí èkejì. Rọ́bà oní-fóòmù tún wà: ẹ ó fi ìka fún un, ẹ ó tì í bọ̀ ọ́, á wá wú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bá ihò etí yín mu. Ó rọ̀ ju sílíkóònù lọ, ó sì ń dín ariwo ọkọ̀ kù láìlo bátìrì. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń tètè gbó, ó sì ń mú kí ohùn tínrín rọlẹ̀ díẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó dé pa: ẹ ṣí orin tí béèsì wà nínú rẹ̀, ẹ fi ìka rọra tì í wọlé díẹ̀. Bí béèsì bá fò sókè lójijì, kò dé pa tẹ́lẹ̀.

Olùgbọ́Òru

Ti orí ibùsùn ni tèmi. Ẹ wo Koss Porta Pro. Láti 1984 ló ti wà, ó fúyẹ́ bí ẹni pé kò sí lórí, etí ló jókòó lé, kò wọ inú rẹ̀, kò sì bá ọwọ́ gíláàsì jà. Fóònù tàbí wáyà kékeré èyíkéyìí lè gbé e. Béèsì rẹ̀ kún díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ gìtá kan yàtọ̀ sí èkejì.

Alátùn-únṣe

Porta Pro dára. Kí AdùnOrin kàn mọ̀ pé ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí bíi ti HD 600. Bí ẹnìkan bá ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, olúwarẹ̀ á gbọ́.

Ìyá_Ìbejì

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ti etí fúnra rẹ̀, torí pé òun ni kò ṣeé rà. Èèyàn tó ń gbọ́ orin nínú ọkọ̀ máa ń gbé ohùn sókè kí orin lè borí ariwo, kò sì ní mọ bó ṣe ga tó títí ọkọ̀ á fi dúró. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sílẹ̀ fún àgbàlagbà ni 80 decibel fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀, 75 sì ni ti ọmọdé. Bí ohùn bá fi decibel 3 lọ sókè, ẹ pín wákàtí náà sí méjì: 83 jẹ́ wákàtí 20, 86 jẹ́ wákàtí 10. Ẹ rí i pé kì í pẹ́ tán.

Ìdí nìyí tí mo fi wà lẹ́yìn Aláìlókùn lórí èyí tó ń pa ariwo, tàbí fóòmù tí Rọ́bàEtí sọ. Ariwo tí kò bá wọlé, ẹ ò ní í gbé ohùn sókè bá a jà. Bí etí yín bá sì ń hó "wíì" lẹ́yìn tí ẹ bọ́ hẹ́dífóònù kúrò, ohùn náà ti pọ̀ jù. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lọ́jọ́ kejì, bí kò bá sì lọ, kí ẹ rí dókítà etí.

Òkè_Ohùn

Ìyá_Ìbejì, ẹ ṣeun fún èyí. Àwọn ọmọ mi náà á ka ọ̀rọ̀ yín.

Aláìlókùn

Kí AdùnOrin tó ná owó kankan, ẹ jẹ́ kó ṣe ohun kan lọ́fẹ̀ẹ́. Kó gba áàpù Wavelet sórí Android rẹ̀. Àtúnṣe ti wà nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ hẹ́dífóònù àti íápíìsì tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ wọn ohùn wọn, ó ń fà wọ́n sún mọ́ ìwọ̀n tí onímọ̀ ohùn Sean Olive àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Harman rí i pé ọ̀pọ̀ olùgbọ́ fẹ́ràn. Bí ti íápíìsì rẹ̀ bá wà níbẹ̀, gìtá méjì yẹn lè yà sọ́tọ̀ lónìí.

Oníwáyà

Èmi ò fẹ́ràn kí a máa fọwọ́ kan ohùn. Hẹ́dífóònù tó dára kò nílò rẹ̀.

BàbáCD

Oníwáyà, HD 600 tí a jọ ń yìn pàápàá, béèsì rẹ̀ ìsàlẹ̀ pátápátá máa ń rọlẹ̀. Bí mo bá fi EQ, ìyẹn ohun tí à ń fi gbé apá kan ohùn sókè tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀, gbé e díẹ̀, orin tó ní dùùrù ńlá nínú máa ń kún sí i. Ohun tí kò dára ni kí èèyàn gbé nǹkan sókè láì dín gbogbo ohùn kù ní iye kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn ṣe ń fọ́. Bí ẹ bá gbé béèsì ní decibel 5, ẹ sọ ìpìlẹ̀ ohùn kalẹ̀ ní 5.

Ẹlẹ́rọKékeré

Bí AdùnOrin bá ṣì fẹ́ ẹ̀rọ orin lọ́jọ́ iwájú, kó má rò pé tuntun nìkan ló wà. iPod Classic tí èèyàn ti lò lè dára gan-an. Ọdún 2001 ni Apple gbé iPod àkọ́kọ́ jáde, 2022 ni wọ́n sì dáwọ́ rẹ̀ dúró, nítorí náà àlòkù ni gbogbo rẹ̀ báyìí. Ẹ ó pààrọ̀ bátìrì rẹ̀, ẹ ó yọ díìsìkì tó ń yí nínú rẹ̀, ẹ ó fi káàdì sí i. iPod fúnra rẹ̀ kì í ka FLAC, àmọ́ bí ẹ bá fi Rockbox, ètò tó ń gba ipò ti Apple, sí i, á kà á, á sì tún fún yín ní EQ tó péye.

Alátùn-únṣe

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá nìkan ni kó dán iPod ṣíṣí wò. Àwọn ìkọ́ kéékèèké ló gbé e pọ̀, wọ́n sì ń tètè ṣẹ́, wáyà pẹlẹbẹ inú rẹ̀ sì ń tètè já. Bátìrì tó ti wú, ẹ má fi irin kàn án.

Káàdì sì ni ohun tí ayédèrú pọ̀ nínú rẹ̀ jù. Wọ́n á kọ 256 GB sára rẹ̀, kò ní ju 16 lọ nínú, orin tó bá kọjá ibẹ̀ á parẹ́ láìsọ fún yín. Bí ẹ bá ti rà á, ẹ fi H2testw yẹ̀ ẹ́ wò lórí Windows, tàbí F3 lórí Linux àti Mac, kí ẹ tó kó orin sí i. 256 GB tòótọ́ lè gba ju wákàtí 500 orin FLAC tó wá láti orí CD lọ.

AdùnOrin

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣe é, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ti fi Wavelet sórí fóònù mi. Íápíìsì mi wà nínú rẹ̀, mo sì pààrọ̀ rọ́bà sí kékeré ní etí òsì. Mi ò ní purọ́, ó ti yàtọ̀ púpọ̀: mo ń gbọ́ gìtá kejì báyìí.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyí. Íápíìsì yìí á máa bá mi wọ ọkọ̀ títí yóò fi gbó. Owó tí mo tọ́jú, HD 600 ni màá fi rà fún ilé, pẹ̀lú wáyà kékeré oní-DAC. Ẹ̀rọ orin á dúró. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé wáyà kékeré lè gbé 300 ohm yẹn, irú wáyà wo sì ni kí n wá?

Oníwáyà

Ẹ kú oríire HD 600. Èyí gan-an ni ì bá wù mí kí ẹ ṣe.

Alátùn-únṣe

Ó lè gbé e fún ọ̀pọ̀ orin. Orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bíi ti ẹgbẹ́ akọrin ńlá oní-fayolíìnì, ibẹ̀ ni ẹ ti lè rí i pé ẹ ti tẹ ohùn dé òkè pátá tí kò sì ga tó. Wáyà tó lè fún yín ní fóltì 1 lè tó bí ẹ kì í bá gbọ́ orin sókè. Bí ẹ bá rí èyí tó ń fúnni ní fóltì 2, òun ni kí ẹ mú, ọkàn yín á balẹ̀.

Nǹkan méjì kí ẹ ṣọ́. Wáyà kan wà tí kò ní DAC nínú rárá, ihò lásán ni. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù tó ń ti ihò USB-C rẹ̀ gbé ohùn jáde ní tààrà, lórí àwọn tó kù kò ní dún. Ẹ rí i pé wọ́n kọ DAC sára páálí rẹ̀. Èkejì ni ti Apple oní-USB-C: ó dára, owó rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè dé ibi tó yẹ, ẹni tó ń lo HD 600 á sì tètè mọ̀ ọ́n lára. Áàpù USB Audio Player PRO lè tú u sílẹ̀. Àmọ́ orin tó bá ti inú áàpù yẹn jáde kì í gba inú Wavelet kọjá, nítorí náà ẹ lo EQ tó wà nínú rẹ̀.